Ẹjọ́ Ọ̀tẹ̀ nínú Ìtàn àti nínú Lítíréṣọ̀ Yorùbá: Láti Ọ̀ràn Ẹfúnṣetán dé Ọ̀ràn Awólọ́wọ̀

Ìfáàrà

Kò sí ìjọba kan láyé, ìbáà ṣe ti ọba, ti òyìnbó amúnisìn, ti olóṣèlú tàbí ti ológun, tí kò ní orúkọ tó ń pe ẹni tó bá nawọ́ sí agbára rẹ̀. Orúkọ ọ̀hún kì í sì í ṣe orúkọ rere. Ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n ń pè é, tàbí ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń rú ni lójú ni pé ẹni tí ìjọba kan dá lẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀ ní ọdún yìí lè di ẹni tí ìjọba mìíràn yóò fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì. Ọdún 24 péré ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n sọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ní ọdún 1963 àti ìgbà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1987.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti gbé ẹjọ́ méjì yẹ̀ wò, tí ọdún 89 wà láàárín wọn: èyí tí wọ́n fi kan Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ní ọdún 1874, àti èyí tí wọ́n fi kan Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1962 sí 1963. Orí ìtàgé ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti mọ ẹjọ́ méjèèjì. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ti àkọ́kọ́, Hubert Ògúndé sì ṣe èkejì ní eré. Ìbéèrè wa kò nira láti bi, bí ó tilẹ̀ ṣòro díẹ̀ láti dáhùn: ẹ̀sùn wo ni ìtàn sọ pé wọ́n fi kan wọ́n, ẹ̀sùn wo sì ni òǹkọ̀wé eré gbé wá síwájú wa? Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ohun tí olùkọ́ Yorùbá bá sọ nínú kíláàsì nípa Ẹfúnṣetán ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé lọ gẹ́gẹ́ bí ìtàn títí ọjọ́ alẹ́ wọn.

Ọ̀tẹ̀, ìdìtẹ̀ àti ilẹ̀ dídà

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ palẹ̀. Èdè Yorùbá kò kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ sí ìjọba sí abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Tẹ̀ǹbẹ̀lẹ̀kun ni ohun tí ènìyàn ń fi ẹnu ṣe lábẹ́lẹ̀ láti da àárín ìlú rú. Rìkíṣí ni ìmọ̀ búburú tí àwọn kan pa pọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ọ̀tẹ̀ ni kíkọ àṣẹ. Ènìyàn a sì máa ‘di’ ọ̀tẹ̀ bí ẹni di igi, èyí tó fi hàn pé ọwọ́ ẹnì kan kò tó o. Láti inú rẹ̀ ni a ti rí ìdìtẹ̀, àti ìdìtẹ̀gbàjọba tí àwọn oníròyìn ń lò fún ti àwọn ológun.

Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn ni ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó da ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí a ń wí yìí kì í ṣe ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ lásán, bí kò ṣe ilẹ̀ tí a bá ara wa mu, tí a fi ṣe ẹlẹ́rìí májẹ̀mú. Kí ènìyàn tó lè da ilẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ bá ẹnì kan mulẹ̀. Nítorí náà, nínú èrò àwọn Yorùbá, ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ẹjọ́ ọ̀dàlẹ̀ kì í ṣe ‘Ta ni ó ṣẹ̀?’ bí kò ṣe ‘Ta ni ó bá mulẹ̀, lórí kí ni?’ Ìyàtọ̀ ńlá nìyí sí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1351, ní ayé Ọba Edward Kẹta, ni òfin ti wà níbẹ̀ pé bí ènìyàn bá gbèrò ikú ọba nínú ọkàn rẹ̀ pàápàá, ọ̀tẹ̀ ni. Ẹni tí a bí sí abẹ́ ọba kò bá a mu nǹkan kan, síbẹ̀ ó ti wà nínú ìdè.

Ní Ọ̀yọ́ Ilé, ìdè náà so olórí àti ọmọ ẹ̀yìn papọ̀ ni. Aláàfin lè pàṣẹ, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, lè sọ fún un pé ìlú ti kọ̀ ọ́, kí ó ṣí igbá wò. Ọba náà pẹ̀lú lè jẹ́jọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di rúdurùdu ni ìgbà tí ẹni tó ni agbára àtikọ ọba sọ ọ́ di ohun ìjà ara rẹ̀, bí Baṣọ̀run Gáà ti ṣe. Ọba mẹ́rin ló gorí ìtẹ́ tó sì kúrò níbẹ̀ lójú ẹ̀mí Gáà, kí Aláàfin Abíọ́dún tó fi ọgbọ́n àti agbára Ọ̀yàbí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, bì í ṣubú ní nǹkan bí ọdún 1774. Ta ni ọlọ̀tẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ní ìwọ̀n ìgbà tí Gáà ń bẹ lórí àlééfà, Abíọ́dún ni. Nígbà tí ogun parí, Gáà ni. Adébáyọ̀ Fálétí, nínú eré rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1972, kò fi òǹkàwé sílẹ̀ nínú iyèméjì kankan: ó fi ikú Àgbọ̀nyín, ọmọ Abíọ́dún, tí Gáà fi rọ́pò àgbọ̀nrín ètùtù, dí ẹnu ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbèjà Baṣọ̀run. Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n Fálétí yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún bá irú rẹ̀ pàdé.

Ẹ̀sùn mẹ́ta tí Ààrẹ Látòósà fi kan Ìyálóde

Ìbàdàn kò ní ọba aládé ní ayé Ẹfúnṣetán. Ìlú jagunjagun ni. Ẹni tó bá lè kó ọmọ ogun jọ, tó lè bọ́ wọn, tó sì lè fún wọn ní ìbọn àti ẹ̀tù, òun ni ìlú ń gbọ́ tirẹ̀. Ẹfúnṣetán, tí í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá, kò lọ sójú ogun, ṣùgbọ́n ó ní oko ńláńlá, ó ní ẹrú rẹpẹtẹ, ó sì ń ṣòwò. Àwọn olórí ogun a máa gba ìbọn àti ẹ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀ ní àwìn pé àwọn yóò san án bí àwọn bá ti ogun dé. Báyìí ni ọ̀rọ̀ owó ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ òṣèlú, tí obìnrin kan fi di ẹni tí àwọn balógun ń jẹ ní gbèsè.

Ohun tí a mọ̀ nípa ẹjọ́ rẹ̀, inú ìwé ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Johnson kì í ṣe àlejò ní Ìbàdàn; ó ń ṣe olùkọ́ níbẹ̀ ní àkókò náà gan-an. Gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ, ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látòósà kà sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi ohun ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí òun nígbà tí òun wà lójú ogun, àti pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú láti kí òun kú àbọ̀.

Ẹ wo ẹ̀sùn náà dáadáa. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú kankan nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé ó pa ènìyàn. Gbogbo rẹ̀ dá lórí ohun tí kò ṣe fún Ààrẹ. Àìkí olórí ogun kú àbọ̀ lè dà bí àìmọ̀wàáhù lásán lójú wa lónìí, ṣùgbọ́n ní ìlú tó jẹ́ pé ogun ni májẹ̀mú tó so gbogbo wọn pọ̀, ẹni tí kò bá ran ogun lọ́wọ́, tí kò sì jáde pàdé ẹni tó ti ogun bọ̀, ó ti fi hàn pé òun kò sí nínú májẹ̀mú mọ́. Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ ni ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n apá kejì ọ̀rọ̀ náà wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ẹfúnṣetán tó jáde ní ọdún 1992, ti jẹ́ kí ó yé wa pé gbèsè tí àwọn olórí ogun kò san wà lára ohun tó mú kí Ìyálóde fawọ́ sẹ́yìn, àti pé kò fara mọ́ ogun àjàìsinmi tí Látòósà ń jà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó jẹ gbèsè ló jókòó lórí àga ìdájọ́, tí ẹni tó yá a lówó sì wà ní ìkúnlẹ̀. Ó ṣòro kí a rí ìdájọ́ òdodo níbẹ̀.

Wọ́n bu owó ìtanràn fún un, ó san án. Ìyẹn kò tó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1874, wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì fi Ìyápọ̀ sípò Ìyálóde. Látòósà fẹ́ kí ó fi ìlú sílẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè kò bá a dé ibẹ̀. Ibí yìí ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ìtàn dúró sí kí ó mí kanlẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó dá a lẹ́bi kọ̀ láti lé e kúrò nílùú, ká má tilẹ̀ tíì sọ pé kí wọ́n pa á. Nígbà tí ẹjọ́ kò mú ohun tí Ààrẹ fẹ́ wá, òru ni ó gbà lọ. Ní alẹ́ ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn ẹrú inú ilé rẹ̀ pa Ẹfúnṣetán nínú yàrá rẹ̀, ọwọ́ àwọn tí ó fọkàn tán sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ láti Ẹ̀gbá béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, àwọn ẹrú tó ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n pa ní gbangba nínú oṣù Keje. Ẹni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ kò jẹ́jọ́ níbì kankan.

Ohun tí Ìṣọ̀lá ṣe sí ẹjọ́ náà

Eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà gba ipò kìíní nínú ìdíje tí Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ṣe ní ọdún 1966, ó sì jáde ní ìwé ní ọdún 1970. Kò sí àní-àní pé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá ni. Èdè rẹ̀ dùn, ìbínú rẹ̀ ń jó fòfò, ó sì rọrùn láti ṣe lórí ìtàgé débi pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kéékèèké pàápàá lè ṣe é kí ó lárinrin.

Nínú eré náà, ìwà ìkà sí ẹrú ló gba iwájú. Ẹfúnṣetán, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sórí ìkúnlẹ̀, ṣe òfin pé ẹrúkùnrin òun kò gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún, ẹrúbìnrin òun kò sì gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, Ìyálóde sì ní kí wọ́n pa á. Ikú aláboyún ni ìlú kò lè gbà, òun ni ó sì mú kí Látòósà àti àwọn ìjòyè dìde. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ kí òun náà di ẹrú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé jẹ.

Ẹ rí i pé ohun méjì ti yí padà. Èkíní, ẹ̀sùn: láti orí àìbọ̀wọ̀ fún Ààrẹ, ó di orí ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀. Èkejì, ikú: láti ọwọ́ apànìyàn òru, ó di ọwọ́ ara rẹ̀. Bí a bá fi méjèèjì papọ̀, ọwọ́ Látòósà mọ́. Nínú ìtàn, ó jẹ́ alágbára tí ẹjọ́ kò tẹ́ lọ́rùn. Nínú eré, ó di olùdáǹdè àwọn ẹrú, ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ kó ẹrú jọ nínú ogun bíi ti ìyókù! Ọgbọ́n tí Fálétí lò fún Gáà náà nìyí. Ikú ọmọ ọlọ́mọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni a fi dí ẹnu agbẹjọ́rò.

A kò sọ èyí láti bu Ìṣọ̀lá kù. Ìtàn tí àwọn àgbà Ìbàdàn ń sọ nípa ìkà Ìyálóde lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí a tó bí òǹkọ̀wé náà, òǹkọ̀wé eré sì ní ẹ̀tọ́ láti mú èyí tó bá bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ẹrú tó wà lábẹ́ Ẹfúnṣetán, ènìyàn ni. Bí ìwé ìtàn bá dákẹ́ nípa ìrora wọn, ó dára kí eré sọ̀rọ̀. Kódà, a lè sọ pé Ìṣọ̀lá fi ẹ̀sùn tó wúwo rọ́pò èyí tó fúyẹ́, nítorí kí ni àìkí ènìyàn kú àbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí aláboyún? Ibi tí ó ti ń dùn wá ni kíláàsì. Olùkọ́ a máa béèrè nínú ìdánwò pé ‘Ṣàlàyé ìdí tí Ẹfúnṣetán fi jẹ̀bi’, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa kọ ọ́ bí ẹni tó ka ìwé ilé ẹjọ́. Ó yẹ kí a kọ ẹ̀sùn mẹ́ta ti inú ìwé Johnson sí apá kan pátákó, kí a kọ ti inú eré sí apá kejì, kí a wá jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ ẹni tó jèrè nínú ìyípadà náà. Mo ti rí i tí irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ gba wákàtí méjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì, tí wọn kò sì fẹ́ jáde.

Ọbabìnrin ni ó pe Awólọ́wọ̀ lẹ́jọ́

Ìjà tó fọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group kò nílò àlàyé gígùn. Ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ náà ní Jọ́ọ̀sì nínú oṣù Kejì ọdún 1962 ló tú àṣírí rẹ̀ síta pé Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́, àti igbákejì rẹ̀, Olóyè S. L. Akíntọ́lá, tí í ṣe Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, kò lè jọ wọ ṣòkòtò kan náà mọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, àwọn aṣòfin fi àga ja ara wọn nílé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà M. A. Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso. Ní oṣù Kẹsàn-án ni ìròyìn jáde pé wọ́n rí ìbọn; nínú oṣù Kọkànlá ni wọ́n gbé Awólọ́wọ̀ àti àwọn mìíràn tí wọ́n lé ní ogún lọ sílé ẹjọ́ gíga ní Èkó, níwájú Adájọ́ Ṣódẹ̀indé Ṣówẹ̀mímọ̀. Wọ́n ní wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Gánà láti lọ kọ́ ìjà, wọ́n ní wọ́n kó ohun ìjà wọlé, àti pé wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọn yóò gba ìjọba.

Orúkọ ẹ̀sùn náà ṣe pàtàkì. Òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa, tí a gbé ka orí ti Queensland ní Ọsirélíà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìhà Gúúsù ní ọdún 1916, ya ọ̀tẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni ọ̀tẹ̀ pọ́ńbélé, tí í ṣe gbígbé ogun ti ìjọba. Ikú ni ìjìyà rẹ̀. Èkejì ni ọ̀ràn tó fara jọ ọ̀tẹ̀: kí ènìyàn gbèrò rẹ̀, kí ó sì ṣe ohun kan tó fojú hàn tó fi ìdí èrò náà múlẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ni òpin ìjìyà tiẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni wọ́n gbà. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni èrò náà ti wá, láti inú òfin kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1848. Ẹ̀tọ̀ rẹ̀ ni pé kò di dandan kí ìbọn kankan dún. Èrò ọkàn ni a ó dá lẹ́jọ́, ìṣe kan yóò sì jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ta ni wọ́n gbèrò láti bá jagun? Ìwé ẹ̀sùn kò pe Tafawa Balewa, kò sì pe ìjọba àpapọ̀. Ọbabìnrin Elizabeth ló pè, nítorí òun ni olórí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1963. Ní orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pe ẹjọ́, ní orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n dá a. Awólọ́wọ̀, tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti bá òyìnbó jà fún òmìnira, wá ń jẹ́jọ́ pé òun fẹ́ fi tipátipá mú Ọbabìnrin yí ìpinnu padà. Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀rọ òfin lásán nìyẹn. Òótọ́ sì ni pé gbogbo aṣòfin ló ti búra fún Ọbabìnrin kí wọ́n tó jókòó, Awólọ́wọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú èrò Yorùbá wo májẹ̀mú, ìbúra tí ènìyàn kò lè ṣàìṣe kí ó tó ṣojú àwọn ènìyàn rẹ̀ jìnnà sí ilẹ̀ tí ènìyàn méjì tẹrí ba mu.

Ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ló kọ́kọ́ gbóná. Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí E. F. N. Gratiaen wá gbèjà òun láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin tí wọ́n ti gbà gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà. Ìjọba kò jẹ́ kí ó wọlé. Awólọ́wọ̀ pe mínísítà tó dí i lọ́nà lẹ́jọ́, ó ní òfin ilẹ̀ wa fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ láti yan agbẹjọ́rò tó wù ú. Adájọ́ Udo Udoma dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tí kò sí ìdènà fún láti wọ orílẹ̀-èdè yìí ni òfin ń wí. Ìyẹn ni pé mú ẹni tó wù ọ́, nínú àwọn tí alátakò rẹ bá jẹ́ kí ó wọlé. Awólọ́wọ̀, tí òun náà jẹ́ amòfin, wá dúró gbèjà ara rẹ̀.

Ohun tó mú ẹjọ́ náà yàtọ̀ lójú ará ìlú ni àwọn ẹlẹ́rìí. Àwọn kan lára wọn ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú Awólọ́wọ̀, tí wọ́n jọ ń jẹ tí wọ́n jọ ń mu. Dókítà Oládipọ̀ Majà àti Dókítà Ṣànyà Ọnàbámirò, tí ó ti jẹ́ mínísítà, jẹ́rìí fún ìjọba. Lójú òfin, a lè gbọ́ ẹ̀rí ẹni tó lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn, ṣùgbọ́n adájọ́ gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ara rẹ̀ pé ewu wà nínú gbígba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ láìsí ìtìlẹ́yìn. Lójú ará ọjà Dùgbẹ̀ tàbí ti Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ìpàdé òru kan bá wáyé lóòótọ́, àwọn tó wà níbẹ̀ ti jọ mulẹ̀. Ẹni tó wá tú u síta ní kóòtù ni ọ̀dàlẹ̀. Báyìí ni òfin àti èdè ṣe ya ọ̀nà. Ẹni tí òfin pè ní ọlọ̀tẹ̀ ni èdè ń káàánú. Ẹni tí òfin pè ní ẹlẹ́rìí, èdè ti ní orúkọ fún un tipẹ́.

Iṣẹ́ yìí kò fẹ́ tún ẹjọ́ náà dá. Ìbọn wà lára ohun tí wọ́n kó wá síwájú adájọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé àlá ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìyẹn. Ohun tí a lè sọ ni pé láàárín ìbọn tí a rí àti èrò tó wà lọ́kàn olórí ẹgbẹ́, ẹnu àwọn ènìyàn ni afárá tó so wọ́n pọ̀.

Nínú oṣù Keje ọdún 1963, nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, Ṣẹ́gun, àkọ́bí Awólọ́wọ̀, tí òun náà jẹ́ agbẹjọ́rò, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ni ìdájọ́ wáyé: ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ènìyàn rántí láti ẹnu adájọ́ ni pé ọwọ́ òun wà ní dídè. Àwọn olólùfẹ́ Awólọ́wọ̀ ti fi gbólóhùn yìí ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ló dè é. Ẹlòmíràn a sì sọ pé òfin ni ó ń wí. Ogúnjọ́ péré lẹ́yìn rẹ̀, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní Ọbabìnrin mọ́. Ẹni tí wọ́n ní Awólọ́wọ̀ gbógun tì ti kúrò lórí àlééfà láìsí ìbọn, ó kù ú ní ọdún mẹ́wàá nínú ẹ̀wọ̀n.

Ti Olóyè Anthony Enahoro gba ọ̀nà mìíràn. Ó ti sá gba Gánà dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n mú un ní Lọ́ńdọ̀nù lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1881 fún àwọn sálọsálọ inú ilẹ̀ ọba wọn. Àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì jà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó dá a padà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963. Ẹ̀wọ̀n ọdún 15 ni ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ bu fún un. Ó kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé tó jáde ní ọdún 1965, bí Lateef Jákàńdè, tí òun náà wà lára àwọn tó ṣẹ̀wọ̀n, ṣe kọ ìwé lórí ìgbẹ́jọ́ Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1966. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú ẹ̀wọ̀n ní Kàlàbá títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1966, nígbà tí Gowon dá a sílẹ̀.

Ògúndé tún ẹjọ́ náà dá

Lọ́dún tó tẹ̀lé ìdájọ́ náà, ní 1964, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tí àwọn tó sún mọ́ Akíntọ́lá wà nídìí rẹ̀, bẹ Hubert Ògúndé pé kí ó wá ṣe eré fún àwọn níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Bóyá wọ́n rò pé orin àti ijó lásán ni wọn yóò rí. Yorùbá Ronú ni ó gbé wá. Ìtàn ọba kan ni, tí igbákejì rẹ̀ dà, tí wọ́n sì sọ sẹ́wọ̀n. Àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ń jìyà lábẹ́ ẹni tó gba ipò. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn náà tí kò mọ ẹni tí ó ń wí, Akíntọ́lá sì dìde kúrò níbẹ̀.

Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé, wọn kò sì gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà, ibi tí òǹwòran wọn pọ̀ sí jù. Òun náà kò dákẹ́; Òtítọ́ Korò ni ó fi fèsì. Ìgbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1966 ni ìfòfindè náà tó kúrò.

Ohun tí Ògúndé ṣe yẹ fún àfiwé pẹ̀lú ti Ìṣọ̀lá. Ìṣọ̀lá fi ẹ̀sùn tó le sí i kan ẹni tí ìgbìmọ̀ ti dá lẹ́bi. Ògúndé gba ẹ̀sùn náà lọ́rùn ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, ó sì gbé e sí ọrùn ẹlòmíràn. Nílé ẹjọ́, Awólọ́wọ̀ ni ọmọ abẹ́ tó dìtẹ̀ sí ọba. Lórí ìtàgé, òun gan-an ni ọba, igbákejì sì ni ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a mu, tí kò ní àyè nínú òfin ti ọdún 1916, ló padà sí àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀. Mo gbà pé ìdí nìyí tí eré náà fi bí ìjọba nínú tó bẹ́ẹ̀, ju bí ìwé ìròyìn kan ì bá ti bí i nínú lọ. Ìwé ìròyìn lè sọ pé ìdájọ́ kò tọ́. Eré sọ pé wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá ní ìdàkejì, ó sì sọ ọ́ ní èdè tí ìyá arúgbó tí kò kàwé gbọ́ yékéyéké.

Àléébù kan wà nínú rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Bí a bá sọ Awólọ́wọ̀ di ọba, a ti sọ ọ̀rọ̀ ìjọba tiwa-n-tiwa di ọ̀rọ̀ ìtẹ́. Nínú ìjọba àwaarawa, igbákejì lè ta ko olórí ẹgbẹ́ láìjẹ́ pé ó da ilẹ̀. Èrò ni wọn kò fi ṣọ̀kan. Akíntọ́lá ní àwọn tó gbà á gbọ́, ó sì ní èrò tirẹ̀ lórí bí Ìwọ̀ Oòrùn ṣe yẹ kí ó bá Àríwá lò pọ̀. Eré Ògúndé kò fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ilé ẹjọ́ Ṣówẹ̀mímọ̀ kò ti fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ májẹ̀mú.

Ẹ̀sùn kan náà lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀

Òfin ti ọdún 1916 kò kú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994, Olóyè M. K. O. Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ààrẹ tí àwọn ènìyàn dìbò yàn ní ọdún 1993. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà ni wọ́n mú un, ẹ̀sùn tó fara jọ ọ̀tẹ̀ ni wọ́n sì fi kàn án. Ẹjọ́ náà kò parí. Ọdún mẹ́rin ni ó fi wà ní àtìmọ́lé, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1998. Awólọ́wọ̀ rí adájọ́ tó dá ẹjọ́ rẹ̀ parí. Abíọ́lá kò rí i.

Nínú oṣù Kẹta ọdún 1997, ìjọba ológun Abacha fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan àwọn kan tí wọ́n ní wọ́n lọ́wọ́ nínú bọ́ǹbù tó ń dún káàkiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó wà lẹ́yìn odi nígbà náà, wà lára wọn. Orúkọ mìíràn tún wà nínú àkọsílẹ̀ náà: Anthony Enahoro. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, òun náà sì wà ní ìgbèkùn. Ní ọdún 1962, Ọbabìnrin ni wọ́n ní ó gbógun tì. Ní ọdún 1997, ìjọba ológun ni. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí, kò sí orílẹ̀-èdè tó dá a padà, wọ́n sì fa ẹ̀sùn náà ya ní ọdún 1998 lẹ́yìn ikú Abacha.